Ibi tí onílù ń sùn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n lè fèsì sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò mi ní Òkè-Àró, níhìn-ín ní Àkúrẹ́, pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni iṣẹ́ àwa onílù, nítorí pé oòrùn a ti kàn wá lórí kí a tó jí. Ọmọ Àyàn láti Ọ̀yọ́ ni mí. Gángan ni mò ń lù fún ẹgbẹ́ olórin jùjú kan, Àkúrẹ́ ni mo sì máa ń wà láti oṣù kẹsàn-án títí ọdún yóò fi parí, nígbà tí òde máa ń pọ̀. Ìyàwó àti àwọn ọmọ mi wà nílé.

Òótọ́ ni pé aago mọ́kànlá ni mò ń jí. Ohun tí àwọn aládùúgbò mi kò rí ni pé aago mẹ́fà ìdájí ni a tú eré ká, a ṣì tún kó ẹ̀rọ àti ìlù sínú bọ́ọ̀sì, aago mẹ́jọ sì ti lù kí ẹ̀yìn mi tó kan ẹní.

Bí mo bá ti jí, ìlù ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, kí n tó fọ ẹnu. Ìyàwó mi kò fẹ́ kí n máa sọ èyí níta. Awọ ewúrẹ́ ló bo ojú gángan méjèèjì, ọ̀ṣán, ìyẹn okùn awọ, ló sì so ojú kan mọ́ èkejì, tó fi jẹ́ pé bí mo bá fi apá fún un, awọ a le, ohùn a sì lọ sókè. Awọ yìí kò fẹ́ràn omi rárá. Ní Ọ̀yọ́ tí ilẹ̀ ti jẹ́ ọ̀dàn, wàhálà rẹ̀ mọ níba; ṣùgbọ́n igbó ló yí Àkúrẹ́ ká, ọ̀rinrin a sì máa wọlé bá wa lóru. Mo máa ń gbé ìlù sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn kò ti mú jù, kí awọ má baà ya, n ó wá máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, n ó sì máa wo ọ̀ṣán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá èyí tó fẹ́ já wà níbẹ̀.

Oríkì ni iṣẹ́ ọ̀sán. Kò sí onílù tí kò lè fi ìlù pe Àkúrẹ́ ní Olóyèmẹkùn tàbí kí ó pe Oǹdó ní Ẹkímọgùn, ṣùgbọ́n oríkì ilé baba olóde gan-an ló ń mú kí ó dìde láti wá náwó. Èyí kò sí lórí mi, nítorí pé àlejò ni mí. Mo máa ń ra obì lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan lẹ́yìn Ọjà Ọba; bàbá a máa sọ ọ́ ní ohùn Àkúrẹ́, èmi a sì máa fi kọ̀ǹgó lù ú jẹ́jẹ́ lórí itan mi. Ohùn tiwọn kì í fi gbogbo ìgbà bá ti Ọ̀yọ́ mu. Ọjọ́ kan wà tí mo gbé ohùn kan sókè tí ó yẹ kó wà nílẹ̀, bàbá ní èébú ni mo ń bú baba ńlá àwọn. Mo dúpẹ́ pé inú ilé rẹ̀ ni mo ti ṣì í, kì í ṣe lóde.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni mò ń jẹ. Ẹni tó bá jẹ iyán kí ó tó gbé ìlù kọ́ èjìká yóò tòògbé lórí ìdúró. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo máa ń pe ilé, ọmọ mi ọkùnrin a sì máa lu agolo mílíìkì sétí fóònù kí n lè tún un ṣe fún un.

Gbogbo èyí kò ni mí lára. Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí àwọn olóde ń fi wá sí. Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹwàá, olóde kan tó pa màlúù méjì fi wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní ìgànná. Òjò fẹ́ wọlé lóru, gángan àti gúdúgúdú mu omi, oòrùn kò sì yọ ní ọjọ́ kejì. Ẹyín iná ni a ń yá wọn sí fún wákàtí méjì, síbẹ̀ ńṣe ni ìlù ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Olóde yọ 10,000 náírà nínú owó wa, ó ní ìlù kò pe orúkọ òun já gaara. Bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ tí ìran King Sunny Adé ti wá nìyí, ẹni tó gbé gángan dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1983.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ pe olórin láti ìlú mìíràn yanjú ọ̀rọ̀ yàrá kan tí a lè tì kí ó tó lọ ra màlúù, kí ó sì jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. A kò bèèrè bẹ́ẹ̀dì. Ẹní wa wà nínú bọ́ọ̀sì.

Oǹdó ni a ń lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti bi olóde léèrè bóyá yàrá wa ní ilẹ̀kùn, ó ní ó ní. Mo wá bi í léèrè bóyá òrùlé rẹ̀ ń jò, ó ní òun yóò wádìí.

Èmi ni,
Onígángan kan ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́