Àjọkẹ́, wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ fund náà

Àjọkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ìwé 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń dá níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti ibi iṣẹ́ rẹ tuntun tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Target date fund ti ọdún 2060 ni wọ́n fi owó rẹ sí, ìyẹn àpò ìdókòwò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń fi owó sí, èyí tí ń dín ìpín tó wà nínú ṣíà kù díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ìfẹ̀yìntì bá ṣe ń sún mọ́lé, n kò sì rí àléébù nínú ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ wò ni R3 tí wọ́n kọ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀.

Kíláàsì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Fund kan ṣoṣo lè ní kíláàsì láti R1 títí dé R6. Àwọn kan náà ló ń darí gbogbo wọn, ṣíà àti bọ́ǹdì kan náà ló wà nínú wọn, àfi owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún ló yàtọ̀. Ní àwọn kíláàsì kan, wọ́n á fi owó alágbàtà tí wọ́n ń pè ní 12b-1 àti owó àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ owó òṣìṣẹ́ kún un, ṣùgbọ́n R6 kì í ní àfikún bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé: inú fund gan-an ni wọ́n ti ń yọ owó yìí kí èrè tó kàn ọ́, kò sí ẹni tí yóò fi ìwé gbèsè rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ọdún 11 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan láìmọ̀ pé kíláàsì tó wọ́n ni wọ́n fi mí sí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Má ṣe wò ó pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kéré. Nínú àpẹẹrẹ tí Department of Labor, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́, bí $25,000 bá ń jèrè 7% lọ́dọọdún fún ọdún 35 láìfi owó mìíràn kún un, yóò di $227,000 bí owó iṣẹ́ bá jẹ́ 0.5%, bí ó bá jẹ́ 1.5%, $163,000 ni yóò dà.

Síbẹ̀, má ṣe yára dájọ́. Ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń mú R6, kí ó tó wá yọ owó àkọsílẹ̀ lọ́tọ̀ nínú àpò òṣìṣẹ́, nígbà tí òmíràn ń fi apá kan nínú owó kíláàsì tó wọ́n san án. Ro méjèèjì pọ̀; wọ́n wà nínú ìwé owó iṣẹ́ tí òfin ní kí wọ́n máa fún ọ lọ́dọọdún.

Ìwọ kọ́ ni o ń yan kíláàsì, ilé iṣẹ́ ni. Kọ̀wé sí HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o bi wọ́n ìdí tí kì í fi í ṣe R6. Má bẹ̀rù: nínú ẹjọ́ Tibble àti Edison International, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ráhùn pé wọ́n fi àwọn sí kíláàsì tó wọ́n nígbà tí èyí tó dínwó wà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2015 pé ojúṣe àwọn tó ń bójú tó owó náà kò parí sí ọjọ́ tí wọ́n yan fund, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí èsì wọn tó dé, má ṣe dín owó tí o ń dá kù débi tí o fi máa pàdánù èyí tí ilé iṣẹ́ ń fi kún tìrẹ. Fi ìwé owó iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi kí ó tó di Sátidé, kí a jọ ṣírò rẹ̀ lórí fóònù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ