Ohun tí ìdánwò àwọn apoògùn lókè òkun ń bèèrè gan-an

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan láti agbègbè wa kọ sí yín, níbi tí wọ́n ti sọ pé ńṣe ni àwọn aláwọ̀ funfun mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìdánwò kalẹ̀ láti fi dènà àwọn ọmọ wa tó kọ́ṣẹ́ apoògùn ní Nàìjíríà, àti pé kò yẹ kí ọmọ tó ti yege ní yunifásítì tún máa jókòó ṣe ìdánwò mìíràn ní Amẹ́ríkà. Mo bá wọn kẹ́dùn owó tí wọ́n ti ná, nítorí owó náà kì í ṣe kékeré, dọ́là sì ni wọ́n fi ń gbà á. Ṣùgbọ́n mo ní ilé ìtajà oògùn ní Ìkòròdú níbí, àwọn ọ̀dọ́ apoògùn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò yìí sì máa ń péjọ sọ́dọ̀ mi láti kàwé nígbà tí a bá ti tilẹ̀kùn lálẹ́. Ohun tí mo ń rí lọ́dọ̀ wọn kò bá ohun tí bàbá náà wí mu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe òótọ́ pé wọn kò ka tiwa sí. NABP, ìyẹn ẹgbẹ́ tó kó àwọn ìgbìmọ̀ apoògùn ti ìpínlẹ̀ gbogbo ní Amẹ́ríkà jọ, sọ pé ẹni tó bá gboyè láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2003 gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà. Ọdún márùn-ún ni B.Pharm wa, mẹ́fà sì ni PharmD tó ti ń gba ipò rẹ̀. Àwa náà kì í sì í gba àlejò wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò: PCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apoògùn níbí, ń mú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ṣẹ́ yìí lókè òkun gba ẹ̀kọ́ ìmúra, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò kí wọ́n tó fún wọn láṣẹ. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ìkórìíra.

FPGEE, ìdánwò tí NABP ń ṣe fún àwọn apoògùn tó kàwé lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, tí ọmọ bàbá náà kùnà, kò wá wádìí bóyá ọmọ náà gbọ́n. Ohun tó ń wádìí ni bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ní ilẹ̀ tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́. Ẹ wo orúkọ oògùn nìkan. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ni wọ́n fi kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní paracetamol ni Amẹ́ríkà ń pè ní acetaminophen. Salbutamol tí àwọn oníkọ́ fée ń fà di albuterol, glibenclamide tí a ń fún àwọn alátọ̀gbẹ di glyburide, rifampicin di rifampin, pethidine di meperidine, adrenaline di epinephrine. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ glibenclamide ní àmọ̀dunjú lè kọjá lára glyburide nínú ìwé ìbéèrè bí ẹni tí kò rí i rí, nígbà tí aago sì ń lọ.

Ìwọ̀n náà ń ṣe wọ́n bákan náà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí Amẹ́ríkà kọ ní 126 mg/dL ni Kánádà ń kọ ní 7.0 mmol/L, ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé 18 la fi ń pín ti àkọ́kọ́ kí ó tó di èkejì yóò rò pé aláìsàn méjì ni. Mo máa ń fún wọn ní ìṣirò kíndìnrín ní alaalẹ́: ọkùnrin ẹni 60 ọdún tó wọn kílò 72, tí creatinine rẹ̀ (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń yọ dànù) jẹ́ 1.2 mg/dL, kí ni agbára kíndìnrín rẹ̀? Ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 140, ẹ fi ìwọ̀n ara lọ́po rẹ̀, kí ẹ wá fi 72 lọ́nà 1.2 pín in (72 yìí kì í yí padà, kì í ṣe ìwọ̀n ara ọkùnrin náà). Ó tó mílílítà 67 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ẹ óò tún fi 0.85 lọ́po rẹ̀. Ìṣirò yìí kò le rárá, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ti fi í sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jáde nílé ìwé, torí pé ẹnu iṣẹ́ níbí kì í sábà bèèrè rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè fojú fò ó. Lẹ́yìn OSPAP, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan fún àwọn apoògùn tó kàwé lókè òkun, àti ọ̀sẹ̀ 52 lẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè 40 tó jẹ́ kìkì ìṣirò ni abala kìíní ìdánwò GPhC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apoògùn níbẹ̀. Ẹni tó bá kùnà nínú rẹ̀ ti kùnà nínú gbogbo rẹ̀, bó ti wù kí abala kejì dára tó, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sì ń gbà wá láyè láti jókòó.

Ibi tí mo rí i pé àwọn ọmọ wa ń ṣubú sí jù lọ nínú ti Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ kan oògùn fúnra rẹ̀. Nínú ìlànà FPGEE tí àwọn tó ń kàwé lọ́dọ̀ mi lò, ìdá 22 nínú 100 jẹ́ ti òfin, ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́, àbójútó ilé oògùn àti ètò ìlera ìlú. Ní Ìkòròdú, oníbàárà á bèèrè iye, á dúnàá dúrà, á sanwó láti àpò rẹ̀, ó parí. Lọ́dọ̀ tiwọn, apoògùn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Medicare, ètò ìlera ìjọba, wà fún àwọn tó ti pé ẹni 65 ọdún, pé láti ọdún 2006 ni apá D rẹ̀ ti ń dá sí owó oògùn, àti pé ti àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan ni Medicaid. Àwọn ọmọ wa máa ń ṣí ojú ìwé yìí kọjá, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Wọ́n á wá padà sí orí bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti Kánádà tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú apá kejì ìdánwò ìkẹyìn PEBC, àjọ tó ń dán àwọn apoògùn wò níbẹ̀, ènìyàn tó ń ṣe bí aláìsàn ni yóò jókòó síwájú yín, ẹ ó sì bá a sọ̀rọ̀ lójú ẹni tó ń fún yín ní máàkì. Mo ní kí àwọn tó ń lọ sí Kánádà máa fi àwọn oníbàárà mi dánra wò, kí wọ́n má kàn sọ pé “Màmá, ẹ lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́,” kí wọ́n bèèrè ohun tí dókítà ní oògùn náà wà fún, bó ṣe ní kí wọ́n lò ó, àti ohun tó ní kí wọ́n máa retí. Ìyá àgbà kan tó wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo ọ̀kan nínú wọn títí, wọ́n ní, “Ṣé ìwọ ò mọ oògùn náà ni, tí o fi ń bi mí?” A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọmọ náà rí i pé ìyá náà rò pé bí orí kò bá ti fọ́ òun lọ́jọ́ kan, òun kò nílò oògùn lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè ló tú u jáde.

Nítorí náà, mo rọ àwọn òbí kí wọ́n má fi owó wọn fún àwọn tó ń ta ìbéèrè ìdánwò lórí WhatsApp. Bí ìbéèrè náà bá jẹ́ ayédèrú, owó ti wọmi. Bó bá sì jẹ́ ojúlówó, ẹni tó rà á ti fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu, nítorí gbogbo ẹni tó ń ṣe ìdánwò náà ló ń fọwọ́ sí i pé òun kò ní tú u síta. Ìlànà ohun tí wọ́n máa bèèrè wà lórí ìkànnì àwọn àjọ náà fúnra wọn lọ́fẹ̀ẹ́, a sì máa yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ibẹ̀ ni kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú bàbá náà ni ti ìdádúró, àmọ́ ilé wa níbí ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ló gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ èsì ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ tààrà. Mo mọ àwọn tí tiwọn sùn sínú fáìlì ní yunifásítì kan títí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ fi kọjá. Kí wọ́n tètè lọ bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ra ìwé kankan. Kí àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti jókòó kàwé sì rántí pé NABP yóò bèèrè ẹ̀rí pé wọ́n ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ apoògùn nílé. Ẹni tí ìwé àṣẹ ọdọọdún rẹ̀ lọ́dọ̀ PCN bá ti kọjá àsìkò, kó lọ sọ ọ́ dọ̀tun ná kó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà.

Èmi ni,
Apoògùn kan ní Ìkòròdú