Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-àgùntàn: Ẹ Dúró Níhìn-ín

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Ẹ̀kọ́ lórí ìdámẹ́wàá ni mo ti ń kọ bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí, mo sì ti kọ ọ́ dé ìdajì. Mo gbé e tì, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ wa: ìpayà òjijì (panic attack) mú ọmọ wa kan, a sì ṣe é bí ẹni tí ẹ̀mí èṣù gbé. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Máàkù 14, láti ẹsẹ 32 dé 42. Ẹ kà á tán kí ẹ tó ka tèmi.

Jésù wọ ọgbà Gẹtisémánè pẹ̀lú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n, torí Júdásì ti bá tirẹ̀ lọ. Ó ní kí àwọn tó kù jókòó, ó wá mú ẹni mẹ́ta péré, Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù, ibẹ̀ sì ni ìpayà ti ká a mọ́. Ẹ má sáré kọjá lórí ẹsẹ yìí o. Ẹni tó bá ìjì wí tí ìjì dákẹ́ ni ọkàn rẹ̀ wá dàrú báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ìbànújẹ́ ọkàn òun pọ̀ títí dé ojú ikú. Ó dojú bolẹ̀. Lúùkù oníṣègùn ní òógùn rẹ̀ ń kán sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó ń gbàdúrà pàápàá, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ ní àsọtúnsọ.

Bí ìpayà bá jẹ́ àìnígbàgbọ́, kí la fẹ́ sọ nípa Jésù? Bó bá jẹ́ ẹ̀mí èṣù ni, ta ni nínú wa tó láyà tó máa lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní Gẹtisémánè? Mo ka orí náà síwá, mo kà á sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí Bàbá ti bá a wí pé kí ló dé tí àyà rẹ̀ já. Áńgẹ́lì ni Bàbá rán sí i láti fún un lókun, bí Lúùkù ṣe sọ. Àwọn tí ìbáwí bá níbẹ̀ ni àwọn tó ní kí wọ́n bá òun ṣọ́nà, tí wọ́n sì sùn fọnfọn.

Ẹ tún wo ohun tó béèrè lọ́wọ́ wọn. Kò ní kí wọ́n wá gbé ọwọ́ lé òun lórí. Kò ní kí wọ́n lọ pe àwọn mẹ́jọ yòókù wá wòran. "Ẹ dúró níhìn-ín, kí ẹ sì máa ṣọ́nà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá sún síwájú, Lúùkù ní ìwọ̀n ibi tí èèyàn lè sọ òkò dé. Wọn ò jìnnà sí i, wọn ò sì fún un lọ́rùn.

Ó wá kan àwa. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì bi mí. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dá mi lóhùn: ẹsẹ Bíbélì wo ló ní kí odidi èrò yí ẹni tí kò rí èémí mí ká nínú ooru, kí wọ́n di tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ mú? Ta ló kọ́ wa láti da òróró sójú ọmọ ọlọ́mọ, ká máa ké "Jẹ́wọ́! Jẹ́wọ́!" sí i létí? Kí ló fẹ́ jẹ́wọ́? Ẹ̀yin tí ẹ yọ fóònù ńkọ́? Ẹ pa fídíò yẹn rẹ́. Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Kí onítọ̀hún wá rí mi kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, kó má jẹ̀ẹ́ kí n wá òun wá.

Ohun tí àwọn oníṣègùn ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Bí ejò bá yọ sí èèyàn lọ́nà oko, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, èémí á yá, iṣan á le, kó lè ráyè sá. Bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn, ó sì dáa. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí ara á ṣe gbogbo èyí láìsí ejò níbẹ̀ rárá, nínú danfo, lórí ìlà ní báńkì, láàárín orin ìyìn. Bí onítọ̀hún bá ṣe ń mí lémọ́lémọ́, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, àtẹ́lẹwọ́ àti ètè rẹ̀ á máa ṣe é wìnnìwìnnì. Á gbà pé ikú ló dé, ẹ̀rù ikú náà á sì tún mú kí àyà rẹ̀ já sí i. Láàárín ìṣẹ́jú 10 ló sábà máa ń le jù, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í pa èèyàn. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ẹnì kan tó mọ̀ dáadáa ni kó jókòó tì í, kí àwọn yòókù sún sẹ́yìn. Ẹ tú gèlè tàbí táì tó bá há a lọ́rùn. Ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ bá a kà á jẹ́jẹ́: kó fa èémí sí imú, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kó wá tú u jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, títí dé ẹ̀fà. Títú èémí jáde pẹ́ ju bó ṣe fà á lọ ló ń mú kí lílù ọkàn rọlẹ̀. Kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, kó máa dárúkọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí: páńkà, ìwé orin, fèrèsé, fìlà bàbá iwájú. Ẹ má fi ọ̀rá bo imú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, torí àìsàn ọkàn, ikọ́ fée (asthma) àti ṣúgà tó lọ sílẹ̀ nínú ara ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè fara jọ ọ́. Bó bá ń ṣe lemọ́lemọ́, dókítà wà fún un, ìgbaninímọ̀ràn wà fún un, oògùn sì wà. Ẹ má lọ fúnra yín ra oògùn oorun ní kẹ́mísì.

Mo ti ń gbọ́ ọ, pé "Ṣé Aro ló yẹ kó lọ ni?" tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ̀rín kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ní 1954 tí dókítà ọpọlọ Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, abúlé tó wà láyìíká ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, ẹbí wọn ń bá wọn gbé, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ kì í dá gbé. Ìjọba pàápàá, ní oṣù kìíní 2023, fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun láti rọ́pò èyí tó ti wà nílẹ̀ láti 1916. Àwa ọmọ Ọlọ́run ṣì wà ní 1916.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èèyàn pàdánù iṣẹ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wà nílẹ̀, onílé ń kanlẹ̀kùn, àwa náà tún ń ka orúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ pé kò tíì san owó ìkọ́lé. Kí la rò pé àyà rẹ̀ ń ṣe? Ìgbìmọ̀ ìnáwó, kíka orúkọ yẹn ti dópin lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi kọfí, obì àti ohun mímu inú agolo lé oorun lọ nítorí ìṣọ́-òru, tílẹ̀ á mọ́ tẹ́ ẹ tún sáré lọ síbi iṣẹ́, ẹ lọ sùn. Jésù sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí ìgbì ń jà.

Ìwọ ọmọ mi, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, padà wá. Ẹni tó bá ń sá fún ibi tí irú èyí ti ṣe é, ẹ̀rù á máa gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́: danfo lónìí, ọjà lọ́la, ilé Ọlọ́run lọ́túnla. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa bọ̀. Jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn bó bá wù ọ́, jáde nígbà tó bá wù ọ́, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀lé ọ àyàfi ẹni tó o bá fúnra rẹ mú. Ìyá Ìjọ ti ní kí n sọ fún ọ pé òun máa jókòó tì ọ́, òun ò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó mọ Ìyá Ìjọ mọ̀ pé ìfẹ́ gidi nìyẹn.

Ìkéde (àyè ti tán): Àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ yóò kọ́ àwọn adènà àti akọrin ní ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́yìn Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ìṣọ́-òru oṣù yìí yóò parí ní aago 11 alẹ́. W.M.U. (ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ), ìpàdé yín di Thursday, kì í ṣe Tuesday mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ti bàjẹ́, ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání. Ẹni tó gbé kúlà funfun ìyá Ẹ̀gbá níbi ìkómọ, kó dá a padà, ìdérí rẹ̀ ṣì wà ní ọ́fíìsì.