Orúkọ bàbá mi ni mo fẹ́ gbà padà

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláró ni mí ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí. Nínú ìwé ẹ̀rí WAEC mi, orúkọ bàbá mi ló wà níbẹ̀. Àkáǹtì mi ní báńkì ń jẹ́ orúkọ baba àwọn ọmọ mi, tí a ti kọ ara wa sílẹ̀ láti 2011. NIN mi, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ń jẹ́ orúkọ ọkọ tí mo wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀ báyìí.

Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí gbogbo àkáǹtì ní NIN àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n ti tèmi pa. Owó àdìrẹ tí oníbàárà mi san láti Ìbàdàn há sínú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wo ìwé, ó wò mí, ó ní: "Màmá, èwo gan-an ni yín nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí?" Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wá. Ìgbéyàwó kóòtù ni tiwa, ilé ẹjọ́ gíga ló tú u. Wọ́n á kọ́kọ́ fúnni ní ìwé kan, oṣù 3 á sì kọjá kí ọ̀rọ̀ tó di àṣepé. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni mo tọ́jú sábẹ́ àpótí aṣọ, mo rò pé ó ti parí. Kò parí. Mo tún lọ wá ìkejì, mo búra ní kóòtù, mo sanwó ìkéde nínú ìwé ìròyìn.

Ìkéde yẹn ló dùn mí jù. "Èmi tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí Mísíìsì Lágbájá, ẹ máa pè mí ní Mísíìsì Tàmẹ̀dò. Gbogbo ìwé mi àtẹ̀yìnwá ṣì dúró." Gbogbo àdúgbò ka iye ọkọ tí mo ti fẹ́. Ọkọ mi àkọ́kọ́ náà ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, kò kéde nǹkan kan, báńkì ò sì bi í léèrè.

Ìyá mi ta èlùbọ́ ní ọjà Ìgbọ̀nà títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò jẹ́ orúkọ bàbá mi rí. Àdùkẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé. Lọ́jà, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ń pè é. Ta ló sọ pé kò lọ́kọ? Lọ́yà tó bá mi ṣe ìwé ló wá là mí lójú pé kò sí òfin Nàìjíríà kankan tó ní obìnrin gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ọkọ. Mo pariwo! Láti ọjọ́ yìí, mo rò pé dandan ni.

Ẹ bá mi bẹ àwọn aláṣẹ: obìnrin tó bá fẹ́ padà sí orúkọ bàbá rẹ̀, kí ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ìbúra kóòtù tó o. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìtàn bí ilé ṣe tú ṣe níwájú èrò?

Ọmọ mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ ní Oṣù Kejìlá. Mo ní kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á bi àfẹ́sọ́nà òun. Mo ní kó bi báńkì rẹ̀ náà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláró, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo