Adájọ́ Dà Níbi Ìdíje Ṣẹ́ẹ̀sì?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló bí mi tí mo fi kọ̀wé yìí. Níbi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ṣe n'Íbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe rẹ́ télọ̀ kan jẹ.

Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ni wọ́n jọ ń ta á. Kò sí ọ̀ta ayò nínú àwọn méjèèjì, ìfẹ́ ayò ló gbé wọn débẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọmọ ayò rẹ̀ tó ń jẹ́ ayaba sókè, ó wá rí i pé bí ayaba bá kúrò níbẹ̀, òun máa pàdánù nìyẹn. Ló bá dá a padà, ó fi ọmọ ayò mìíràn, ẹṣin, rìn, ó tẹ aago kí àsìkò télọ̀ lè máa lọ. Ta ni kò mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn ló gbọ́dọ̀ fi rìn? Òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ni, kì í ṣe òfin àdúgbò! Télọ̀ ké gbàjarè, adájọ́ dà? Ó wà nídìí tábìlì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ àwọn gbajúmọ̀ àti àwọn ayàwòrán. Ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún télọ̀ yìí ṣáájú pé ó láṣẹ láti dá aago dúró kó fi pe adájọ́. Aago ń lọ, àsìkò rẹ̀ tán. Nígbà tí adájọ́ máa dé, aago nìkan ló wò: "Ẹ ti pàdánù, sà."

Láti ìgbà tí Túndé Ọnàkọ̀yà, ọmọ Nàìjíríà tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta dáadáa, ti fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì ní New York lóṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ládùúgbò wa ló ti ra pátákó. Àwọn tó ń ṣètò ń gbowó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa, àmọ́ àwọn ọ̀gá nìkan ni wọ́n ń wá adájọ́ fún. Àwọn aláṣẹ eré ìdárayá á jókòó sórí àga ńlá, wọ́n á sọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n á lọ. Ibi tí àwa kéékèèké ń ta sí, kò sí adájọ́!

Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni kí wọ́n kọ́ níṣẹ́ adájọ́. Wọ́n ti ṣọ́ ìdánwò WAEC fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú wọn mú, ọmọdé kì í lè purọ́ fún wọn. Kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tábìlì mẹ́wàá péré, kí wọ́n sì yọ owó wọn nínú owó ìforúkọsílẹ̀ tí a ń san. Àwọn náà ni kó máa ka òfin sétígbọ̀ọ́ wa lédè Yorùbá kí ayò tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tún fún wa níwèé tí a ó máa kọ bí a ṣe rìn sí.

Ìdíje mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Kí wọ́n ti máa wá àwọn olùkọ́ náà láti ìsinsìnyí.

Èmi òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.