Ẹ̀sùn lórí àwọn fíìmù àlòkù tí mo rà lọ́wọ́ yín

Sí Alákòóso,
Ẹ̀ka Ìtajà Fíìmù Àlòkù.

Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó ọjà. Lórí àwọn àwo DVD tí mo rà lọ́wọ́ yín ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Inú mi ò dùn rárá.

Mo fẹ́ràn láti máa ra fíìmù àlòkù. Owó rẹ̀ ò wọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì sí mi jù ni pé àwọn fíìmù kan wà tí wọn ò tẹ̀ jáde mọ́, tí èèyàn ò lè rí wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi kí ẹni tó ti rà á rí gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí gan-an, wọ́n lè yọ ọ́ lọ́la. Ti inú ilé mi, kò sẹ́ni tó máa wá yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Èyí tó dùn mí jù ni fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹ kọ “bí tuntun” sí lára. Páálí rẹ̀ mọ́ tónítóní lóòótọ́. Fíìmù náà sì dára gan-an! Òṣèrébìnrin tó ṣe ìyá arúgbó inú rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú ló fi ń ṣeré. Ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń parọ́ fún ọlọ́pàá, èèyàn sì ti mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti yé e. Gbogbo wa nílé dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tí àṣírí wá fẹ́ tú, tí màmá yìí la ẹnu pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, àwòrán dúró gbagidi. Ó fọ́ sí igun kéékèèké aláwọ̀ ewé, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó wá dákẹ́. Mo yọ àwo náà, mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, mo dá a padà, ibẹ̀ náà ló tún há sí. Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ibì kan náà ni.

Ìgbà tí mo gbé e sójú iná ni mo rí i: ó họ lẹ́bàá etí, ojú ibi tó họ náà sì tẹ̀ lé yíyí àwo yẹn. Ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ta á ti mọ ohun tí ìyẹn ń fà. Tó bá jẹ́ pé láti àárín lọ sí etí ló họ tààrà, ẹ̀rọ sábà máa ń fo ó, torí pé wọ́n ti ṣètò àtúnṣe àṣìṣe mọ́ àwo náà. Èyí tó bá tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tí iná lésà ń gbà, ọ̀pọ̀ nǹkan tó tẹ̀ léra ló máa ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àárín ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwo DVD, tó bá sì jẹ́ onípele kan, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ fíìmù sí ìpele kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tó ń gba gígábáìtì 4.7, bí tèmi yìí, òpin fíìmù ló máa ń wà níhà etí. Nítorí náà, bí ẹ bá fi sínú ẹ̀rọ tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ṣí dáadáa, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan nípa òpin rẹ̀.

Fíìmù ogun tí mo rà pẹ̀lú rẹ̀, “ó ti gbó díẹ̀” lẹ kọ sí i. Páálí rẹ̀ ya, ara àwo náà họ káàkiri, ó sì ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìhá rárá. (Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tán lọ́jà yín. Ojú àwọn ọmọdé inú rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi.) Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé páálí lẹ fi ń díwọ̀n ọjà.

Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ò tilẹ̀ ṣí. Àwo DVD máa ń ní nọ́ńbà agbègbè ayé tí ẹ̀rọ ibẹ̀ lè ṣí i. Agbègbè 1, ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ni wọ́n ṣe èyí fún, ẹ̀rọ mi kì í sì í ṣe ti agbègbè yẹn. Nọ́ńbà náà wà lẹ́yìn páálí, àmọ́ ẹ ò kọ ọ́ síbi tí ẹ ti polówó rẹ̀. Ti olólùfẹ́ ṣí ní tiẹ̀. Ó falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sì sáré parí, ìyẹn ò kàn yín. Ohun tó kàn yín ni pé wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀ kúrò kó lè bá tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mu. Níbi tí tọkọtaya náà ti ń jà nídìí tábìlì, imú ọkọ nìkan la rí. Ẹ ò kọ ìyẹn náà.

Òṣìṣẹ́ yín fèsì pé bí èèyàn bá ṣe bá àlòkù ló ń gbà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a, nígbà tó jẹ́ àwòrán páálí nìkan lẹ fi hàn mí? Ẹ máa ya fọ́tò ojú tó ń dán lára àwo, ẹ máa kọ nọ́ńbà agbègbè rẹ̀, kí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà ka àwo títí dé etí kí ẹ tó pè é ní “bí tuntun”.

Owó fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni kí ẹ dá padà fún mi. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, n ò fẹ́ owó, nítorí n ò rí òmíràn rà. Ibi tí wọ́n kọ fíìmù sí gan-an nínú àwo DVD jìn tó ìdajì mìlímítà sí ojú tó họ yẹn, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń dán ojú àwo lè tún un ṣe. Ẹ bá mi dán an, ẹ wò ó dópin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi padà. Owó ìfiránṣẹ́ ní àlọ àti àbọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ san án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.