Àṣàkẹ́, béárì kan mú mi sunkún

Lọ́ńdọ̀nù

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́? Bá mi kí wọn dáadáa, sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn kì í kúrò lẹ́nu mi. Àlàáfíà la wà níbí. Ọmọ rẹ ti pé ọdún mẹ́rin, yóò sì wọ ilé ìwé ní oṣù kẹsàn-án. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn níbí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé yìí gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Lálẹ́ Sátidé, èmi àti rẹ̀ jókòó wo fíìmù kátúùnù béárì kan tó ń jẹ́ Winnie the Pooh, èyí àtijọ́ tí Disney gbé jáde ní 1977. Fíìmù kúkúrú mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn ti jáde láti 1966. Mo ti pinnu pé màá fi àsìkò yẹn tòògbé. Oorun ò kọjá lójú mi!

Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé wọn ò fi ìwé tí ìtàn náà ti wá pamọ́. Ìwé á ṣí, àwòrán á dìde lójú ewé, béárì á sì máa rìn láàárín ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, ó fọ lẹ́tà kúrò lójú ìwé. Nígbà tí Tigger, ẹkùn tó máa ń fò ṣáá, gun igi tí kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń sọ ìtàn dojú ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹkùn lè gba orí àwọn lẹ́tà bọ́ sílẹ̀. Ọmọ rẹ pariwo! Ó sáré gbé ìwé tirẹ̀, ó ń dà á síwá sẹ́yìn, ó ń wò ó bóyá nǹkan á já bọ́. Ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ látìgbà yìí pé kó fojú kan ìwé! (Èyí tí wọ́n ṣe ní 2011 náà dáa, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi yà á, àmọ́ ti àtijọ́ yìí ni tèmi.)

Ṣé o mọ̀ pé ọmọláńgidi gidi ni béárì yẹn? A. A. Milne tó kọ ìwé náà ní ọmọkùnrin kan, Christopher Robin. Ilé ìtajà Harrods ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n ti ra béárì náà fún un ní 1921, nígbà tó pé ọmọ ọdún kan. Béárì alààyè kan tún wà ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, Winnie lorúkọ rẹ̀. Harry Colebourn, dókítà ẹranko nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Kánádà, ló rà á ní dọ́là 20 ní ibùdókọ̀ ojú irin lọ́dún 1914, nígbà tó ń lọ sógun. Ọmọ náà fẹ́ràn Winnie débi pé ó fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọláńgidi rẹ̀. Ìwé jáde ní 1926, E. H. Shepard ló ya àwòrán inú rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, kangarúù, inú yàrá ọmọ yẹn ni gbogbo wọn ti jáde. Òwìwí àti ehoro ni bàbá náà fi kún un.

Ìparí fíìmù náà ló wá mú mi. Christopher Robin inú fíìmù ń lọ sílé ìwé. Ó ń sọ fún béárì rẹ̀ pé àtijókòó láìṣe nǹkan kan, tí òun fẹ́ràn jù, kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ó ní kó ṣèlérí pé kò ní gbàgbé òun, kódà bí òun bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Àṣàkẹ́, omi bọ́ lójú mi. Èmi àti ìwọ ni mo rí, lórí àpáta ẹ̀yìn ilé yín, tí a máa ń jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní rí iṣẹ́ kankan tí a ṣe.

Ọmọ rẹ bi mí pé, “Mọ́mì, béárì yẹn ńkọ́ báyìí?” Mo ní ó wà ní New York, ní ilé ìkàwé ìlú, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Ó ronú díẹ̀. “Ta ló wá ń bá a ṣeré?”

Kọ̀wé sí mi kíákíá. Ọmọ rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá àpáta yẹn ṣì wà.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́